Iṣẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́: Ìtàn ẹ̀tàn tó ti Calabar dé orí WhatsApp

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kì í sábà gùn. Orí WhatsApp ló máa ń gbà wọlé, láti ọ̀dọ̀ nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀ rí. Ẹni tó fi ránṣẹ́ á ní iléeṣẹ́ kan ń wá èèyàn tó lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé, fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́. Kò nílò ìwé ẹ̀rí, kò nílò ìrírí, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń sanwó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀èdè tó yí i ká ló ti dáhùn irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì rò pé àwọn ti ríṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún iṣẹ́ náà, dípò kí iṣẹ́ náà máa sanwó fún wọn.

Bí àṣírí bá tú, ohun tí ará àdúgbò máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ojúkòkòrò ló kó bá onítọ̀hún. Àmọ́ bí a bá tú ìtàn irú jìbìtì yìí yẹ̀wò, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wáṣẹ́ kò sọ pé kí wọ́n fún òun lówó ọ̀fẹ́. Òógùn ojú rẹ̀ ló fẹ́ fi jẹun. Ìfẹ́ tó ní sí iṣẹ́ yẹn gan-an ni àwọn oníjìbìtì fi ń mú un, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi láti Calabar

Tipẹ́tipẹ́ kí fóònù tó dé ni ìlérí iṣẹ́ tí kò rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ti ń kó àwọn èèyàn Nàìjíríà sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ọ̀kan lára èyí tí àkọsílẹ̀ wà nípa rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín Calabar, Oron àti erékùṣù Fernando Po tí Spain ń ṣàkóso nígbà náà. Bioko ni wọ́n ń pe erékùṣù náà lónìí, ara orílẹ̀èdè Equatorial Guinea ló sì wà.

Oko kòkó pọ̀ ní Fernando Po, àmọ́ alágbàṣe kò tó. Liberia wà lára ibi tí àwọn olóko ti kọ́kọ́ ń kó òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1930, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí League of Nations lọ́wọ́ sí, ìyẹn àjọ tó wà kí Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó dé, tú àṣírí pé ipá ni wọ́n fi ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ariwo náà pọ̀ débi pé Ààrẹ Liberia, Charles King, kọ̀wé fipò sílẹ̀ nínú oṣù Kejìlá ọdún náà.

Bí ilẹ̀kùn Liberia ṣe ń tì, ojú àwọn olóko yí sí Nàìjíríà. Àwọn alárinà bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri láàárín àwọn ẹ̀yà Igbo, Ibibio àti Efik. Wọ́n ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin pé òwò tàbí iṣẹ́ tó lówó lórí wà ní ibì kan tí kò jìnnà. Wọ́n á kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn tó máa mọ̀ pé erékùṣù Spain ni àwọn wà, àti pé oko kòkó ló ń dúró de àwọn. Àdéhùn ọdún méjì ni wọ́n sì máa ń gbé síwájú wọn, wọn kò sì lè padà sílé kó tó parí.

Ìrìnàjò yìí di ohun tí wọ́n ń pè ní "Panya", orúkọ tó wá láti ara bí àwọn ará Spain ṣe ń pe orúkọ orílẹ̀èdè wọn. Ìgbà tó di òpin ọdún 1942 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Spain tọwọ́ bọ àdéhùn lórí ọ̀nà tó bófin mu tí wọ́n á máa gbà kó òṣìṣẹ́ láti Nàìjíríà.

Ẹ wo ohun mẹ́ta tó wà nínú ìtàn yẹn. Alárinà kan wà tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó rán an. Iṣẹ́ kan wà tí èèyàn kò lè fojú rí kó tó gbà á. Àdéhùn kan sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀yìn bá ti há ni òṣìṣẹ́ tó máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì wà nínú jìbìtì iṣẹ́ àtilé ṣe tòde òní.

"San díẹ̀ ná": lẹ́tà ọdún 1920 àti abala 419

Láyé ìgbà yẹn kan náà, ẹ̀tàn mìíràn ti ń gba inú lẹ́tà wọlé. Òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Ellis, tó kọ ìwé lórí ìtàn ìwà ọ̀daràn ní Nàìjíríà, tọ́ka sí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ P. Crentsil. Ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú omi nílùú Èkó.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1920, Crentsil kọ lẹ́tà sí ẹnìkan ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣẹ́ ìyanu, ó ní òun ní agbára àràmàǹdà tí òun lè fi ran onítọ̀hún lọ́wọ́, tó bá ti lè sanwó. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọlọ́pàá gbé e lọ sílé ẹjọ́. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Adájọ́ kìlọ̀ fún un lórí ẹ̀sùn kan, ó sì dá a sílẹ̀ lórí méjì tó kù nítorí pé ẹ̀rí kò tó.

Abala òfin yẹn, tó de fífi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíì, ló wá di orúkọ tí gbogbo ayé ń pe gbájú-ẹ̀ láti Nàìjíríà. Òfin mìíràn wá tẹ̀lé e ní 1995 àti 2006. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2006 sọ pé ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi á ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún méje, kò sì sí àyè láti san owó ìtanràn dípò rẹ̀.

Ìlànà jìbìtì náà kò le rárá: san díẹ̀ ná, kí o lè gba púpọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá gbé ìlànà yìí wọ aṣọ iṣẹ́, ó máa ń ṣòro láti dá a mọ̀. Owó iṣẹ́ kì í dún bí ìṣúra ọba tó kú. Ó máa ń dún bí ohun tó ṣeé ṣe.

Iṣẹ́ àtilé ṣe kò bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní Amẹ́ríkà, irú ìpolówó iṣẹ́ yìí ti wà nínú ìwé ìròyìn láti ayé ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ lè jókòó sílé kí ẹ máa ki ìwé sínú àpòòwé, kí ẹ sì máa gbowó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ fi owó táṣẹ́rẹ́ ránṣẹ́ láti fi gba ohun èlò.

Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ kì í rí àpòòwé kankan. Ìwé kékeré kan ló máa rí gbà, tó ń sọ fún un pé kí òun náà gbé irú ìpolówó kan náà jáde, kó lè máa gbowó lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ni iṣẹ́ títan ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ.

Àwọn ìjọba rí i nígbà náà pé ẹni tó ń wáṣẹ́ nílò ààbò. Ní ọdún 1933, àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ṣe àdéhùn pé kí wọ́n fòpin sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá wáṣẹ́ nítorí èrè. Àdéhùn mìíràn tí àjọ náà ṣe ní 1997 sọ ọ́ ní ṣàkó pé iléeṣẹ́ aládàáni tó ń báni wáṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó kankan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, yálà ní tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú, àyàfi níbi tí ìjọba bá fàyè gbà á fún ìdí pàtàkì.

Nítorí náà, òfin ìkà kan tí ẹnikẹ́ni lè fi sọ́kàn ti wà láti ìgbà yẹn: iṣẹ́ ló ń sanwó fún òṣìṣẹ́. Ìṣòro Nàìjíríà ni pé àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ pa òfin yìí mọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rú u.

Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ di ohun tí à ń sanwó fún

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé SAP tí ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 mú kí iṣẹ́ ìjọba di ọ̀wọ́n. Àwọn tó jáde ní yunifásítì ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ kò pọ̀ tó wọn. Láti ìgbà náà ni ìwé ìpolówó iṣẹ́ ti ń kún ara ògiri àti òpó iná káàkiri ìlú ńlá, láti Kano dé Port Harcourt. Bí èèyàn bá dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó lè bá a pé ọjà ni wọ́n fẹ́ kó rà, tàbí kí wọ́n ní kó san owó fọ́ọ̀mù àti owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Owó fọ́ọ̀mù wá di bárakú. Ẹni tó ń wáṣẹ́ kò bi ara rẹ̀ mọ́ pé kí ló dé tí òun fi ń sanwó. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé èló ni.

Ọjọ́ Satide, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 2014, ni gbogbo Nàìjíríà rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà lè yọrí sí. Àjọ tó ń rí sí wíwọlé àti jíjáde lórílẹ̀èdè náà, NIS, pe àwọn tó ń wáṣẹ́ sí ìdánwò ní pápá ìṣeré káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Àyè iṣẹ́ tó wà kò tó 5,000. Àwọn tó fẹ́ ẹ lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn sì ti san 1,000 náírà lórí ayélujára kí wọ́n tó lè forúkọ sílẹ̀.

Èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Abuja, Port Harcourt, Minna àti Benin. Ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú, aboyún sì wà lára wọn. Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣèlérí iṣẹ́ mẹ́ta fún ẹbí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó kú. Nígbà tó yá, àjọ EFCC sọ nínú ẹ̀sùn tó gbé lọ sílé ẹjọ́ pé owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń wáṣẹ́ náà lé ní mílíọ̀nù 676 náírà.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe irọ́, àjọ NIS kì í sì í ṣe iléeṣẹ́ òfegè. Ohun tó yẹ ká kọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ìjọba bá gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, kí ni ẹni náà á fi dá oníjìbìtì mọ̀ lọ́la? Kò pẹ́ sígbà náà, lẹ́yìn tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò N-Power ní 2016, ni ojúlé ayélujára òfegè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní orúkọ ètò náà. Iléeṣẹ́ epo rọ̀bì NNPC náà ti kéde lọ́pọ̀ ìgbà pé ìpolówó ìgbanisíṣẹ́ tó ń lọ káàkiri ní orúkọ àwọn kò ti ọ̀dọ̀ àwọn wá.

MMM àti ẹ̀rí tó ń tan ojú

Ọdún 2016 yìí kan náà ni MMM gbilẹ̀. Sergei Mavrodi, ọmọ Rọ́ṣíà, ló dá a sílẹ̀, ó sì dé Nàìjíríà lópin ọdún 2015. Èrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù ni wọ́n ṣèlérí. Nínú oṣù Kejìlá 2016, wọ́n ti àkáǹtì àwọn èèyàn pa. Àjọ NDIC tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù owó tó tó bílíọ̀nù 18 náírà.

MMM kì í ṣe iṣẹ́, àmọ́ ó kọ́ àwọn oníjìbìtì ní ohun kan tí wọ́n ń lò títí dòní. Àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì tó fi hàn pé owó wọlé lágbára ju àlàyé lọ. Ẹni tó rí i pé ọ̀rẹ́ òun gba owó kì í béèrè ibi tí owó náà ti wá mọ́. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025 nígbà tí CBEX dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn tó ṣèlérí láti sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Corona sọ irọ́ di ohun tó jọ òótọ́

Kí ọdún 2020 tó dé, iṣẹ́ àtilé ṣe ṣì ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà. Lóòótọ́, àwọn iléeṣẹ́ bíi Andela, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, ti fi hàn pé ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lè wà ní Áfíríkà kó máa ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ òkè òkun. Àmọ́ àwọn díẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀.

Ìgbà tí àrùn corona dé tí ìjọba sì ní kí èèyàn jókòó sílé, gbogbo ayé ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àtilé ṣe. Nígbà kan náà, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Àjọ tó ń rí sí àkójọ ìṣirò ní Nàìjíríà, NBS, sọ pé nígbà tí ọdún 2020 fi máa parí, nínú gbogbo 100 èèyàn tó fẹ́ ṣiṣẹ́, 33 ni kò ríṣẹ́. Láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 24, ó lé ní ìdajì.

Ohun méjì yìí pàdé ara wọn: iṣẹ́ àtilé ṣe ti di ohun tó ṣeé gbà gbọ́, àwọn tó ń wá a sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé ibẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì darí sí. Kì í sì í ṣe Áfíríkà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC sọ pé òun kò rí ẹ̀sùn kankan gbà lórí jìbìtì "iṣẹ́ kéékèèké" ní 2020. Ní 2023, ẹ̀sùn náà di 5,000. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ 2024 nìkan, ó ti di nǹkan bíi 20,000.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí?

Jìbìtì "iṣẹ́ kéékèèké" yìí ló gbòde báyìí. Ìpele ìpele ni wọ́n ń gbé e.

Wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní iṣẹ́ tí ọmọdé lè ṣe: kí ẹ tẹ àmì pé ẹ fẹ́ràn fídíò lórí YouTube, tàbí kí ẹ yin òtẹ́ẹ̀lì kan tí ẹ kò dé rí. Wọ́n á sanwó. Ó lè jẹ́ 1,000 náírà, ó lè jẹ́ 2,000. Owó náà á wọ àkáǹtì yín lóòótọ́. Ìjẹ tí apẹja fi sẹ́nu ìwọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fà yín wọ ẹgbẹ́ kan lórí Telegram. Èèyàn bíi ogún tàbí ọgbọ̀n á ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi àwòrán owó tí wọ́n gbà hàn. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ní jìbìtì. Ọmọ iṣẹ́ wọn ni àwọn yòókù, tàbí kó jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ń lo oríṣiríṣi orúkọ.

Olùdarí yín á wá sọ pé iṣẹ́ kan wà tó lówó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi owó sílẹ̀ kí ẹ tó lè ṣe é. Ẹ fi 10,000 náírà sílẹ̀, ẹ gba 13,000. Ẹ fi 30,000 sílẹ̀, ojú ẹ̀rọ á fi hàn pé ẹ ti ní 45,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba owó náà jáde, wọ́n á ní iṣẹ́ mìíràn ṣì kù tí ẹ gbọ́dọ̀ parí, ó sì gba 100,000. Lẹ́yìn ìyẹn, owó orí. Lẹ́yìn owó orí, owó láti ṣí àkáǹtì tó há.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé owó tí ẹ ti san tẹ́lẹ̀ ló ń tì yín láti san òmíì. Ẹ kò fẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbé. Ẹlòmíì á yáwó lórí áàpù, ẹlòmíì á ná owó iléèwé ọmọ tàbí owó àjọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Irú mìíràn tún wà tí wọn kì í gbowó lọ́wọ́ yín rárá. Wọ́n á ní iṣẹ́ yín ni pé kí owó máa wọ àkáǹtì yín, kí ẹ yọ díẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ sì fi ìyókù ránṣẹ́ síbòmíì. Owó tí wọ́n jí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Ìgbà tí ọlọ́pàá bá tọpa rẹ̀, orúkọ yín àti nọ́ńbà BVN yín ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá gba ẹni tó ń wáṣẹ́ sí iṣẹ́ jìbìtì

Ìtàn àpòòwé Amẹ́ríkà àti ti ọkọ̀ Calabar pàdé ara wọn láyé òde òní.

Nínú oṣù Kejìlá 2024, EFCC ya wọ ilé alájà kan ní Victoria Island nílùú Èkó, wọ́n sì mú èèyàn 792. Àwọn ọmọ China 148 àti ọmọ Philippines 40 wà lára wọn, àmọ́ ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù. EFCC ṣàlàyé pé àwọn àjèjì náà ló gba àwọn ọ̀dọ́ yìí síṣẹ́, kí wọ́n máa fi orúkọ èké wá èèyàn lórí ayélujára, pàápàá ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, tí wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ìdókòwò lù ní jìbìtì. Ilé ẹjọ́ ti dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjèjì náà lẹ́bi, ìjọba sì ti dá wọn padà sí orílẹ̀èdè wọn.

Ní Éṣíà, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú oṣù Kẹjọ 2023, ẹ̀ka ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ó kéré tán èèyàn 120,000 ní Myanmar àti nǹkan bíi 100,000 ní Cambodia ni wọ́n ń fipá mú ṣiṣẹ́ jìbìtì orí ayélujára. Ọ̀pọ̀ wọn ló dáhùn ìpolówó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó lówó lórí. Ọmọ Áfíríkà wà lára wọn. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà wọn, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ inú ọgbà.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Panya kò ní ṣàìrántí rẹ̀.

Àmì tí ẹ fi lè dá a mọ̀

Àwọn oníjìbìtì lè yí orúkọ iléeṣẹ́ padà, wọ́n lè yí áàpù padà. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí wọn kò lè yí padà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí owó ń lọ. Bí owó bá ń ti ọwọ́ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní òun gbà yín síṣẹ́, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó kọ̀ǹpútà tàbí owó ìdúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá ní kí ẹ fi owó kírípítò san án.

Ẹ wo ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà wá bá yín. Iléeṣẹ́ gidi kì í sábà kọ̀wé sí ẹni tí kò wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọn kì í sì í gba èèyàn síṣẹ́ láìrí ojú rẹ̀, láìgbọ́ ohùn rẹ̀, láìbi í ní ìbéèrè kan nípa ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ béèrè ẹni tó ń jẹ èrè iṣẹ́ náà. Ta ló máa jèrè tí ẹ bá tẹ àmì sí fídíò 20? Kí ló dé tó fi máa san owó tó ju ti olùkọ́ iléèwé lọ fún un? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, owó ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ fi san yín, tàbí owó yín gan-an.

Ẹ lọ wá iléeṣẹ́ náà fúnra yín. Ẹ má ṣe lo líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ wá ojúlé wọn, kí ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń gbani síṣẹ́. Ẹ lè yẹ orúkọ iléeṣẹ́ wò lórí ojúlé àjọ CAC tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àmọ́ ẹ rántí pé ìforúkọsílẹ̀ CAC kò túmọ̀ sí pé wọ́n ní àṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ aráàlú.

Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà BVN, nọ́ńbà NIN tàbí nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín lé ẹni tí ẹ kò tíì bá tọwọ́ bọ̀wé lọ́wọ́. Ẹ má sì ṣe yá ẹnikẹ́ni ní àkáǹtì yín.

Bí wọ́n bá ń kán yín lójú, tí wọ́n ní àyè méjì péré ló kù, tàbí tí wọ́n ní ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún ẹnìkan kíákíá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò ká lára ló máa ń tètè rí ihò inú rẹ̀.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má ṣe sanwó mìíràn mọ́, kódà bí wọ́n bá ní eléyìí ló kẹ́yìn. Ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá owó náà dúró. Ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà wọn, orúkọ àkáǹtì tí ẹ sanwó sí àti àwòrán gbogbo rẹ̀, ẹ̀rí ni.

Ní Nàìjíríà, ẹ lè gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ EFCC tàbí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí ayélujára. Ní Ghana, àjọ Cyber Security Authority ní nọ́ńbà 292 tí aráàlú lè pè.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá yọjú lẹ́yìn náà pé òun lè bá yín gba owó náà padà tí ẹ bá lè san díẹ̀. Àwọn kan náà ló sábà máa ń jẹ́.

Ìtìjú ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu mọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì ni àwọn oníjìbìtì ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n lu ẹnìkan ní jìbìtì iṣẹ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wọ ọkọ̀ ní Calabar kò wá ọ̀fẹ́. Àwọn tó kú ní pápá ìṣeré ní 2014 kò wá ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n wá. Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ríṣẹ́, ìbáà jẹ́ oníjìbìtì orí Telegram tàbí iléeṣẹ́ tó ní orúkọ rere, ló yẹ ká kọjú ìbéèrè sí.